Oyin Wà Nínú Àpáta, Ta Ló Ni Àáké?

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu alága ìgbéyàwó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lò ó láyé ìsinsìnyí tó ọ̀dọ́ Ìbàdàn tí ilé-iṣẹ́ kan ní Victoria Island ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Lẹ́tà náà kò tíì pé wákàtí kan lórí fóònù tí gbogbo ẹbí ti gbọ́. Ìyá àgbà pè láti Ọ̀yọ́: "Ọkọ mi, àdúrà ti gbà! Wọ́n ní o ti wọ Áíláńdì." Ọkọ ìyá àgbà ní, "Ẹ ṣé, mà." Ta ni yóò máa ka ìṣirò fún ìyá àgbà lórí fóònù?

Ẹ jẹ́ ká bá a ṣe é. Ká ní 200,000 náírà ló ń gbà lóṣù n'Ìbàdàn, tó ń san 300,000 lọ́dún fún yàrá rẹ̀ ní Agbowó, tí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,200 lójúmọ́. Bí a bá yọ owó ilé oṣù kan àti owó ọkọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ 22 kúrò, 148,600 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. 300,000 ni Èkó fi lọ̀ ọ́, ó sì fò sókè. Ká ní yàrá tó rí ní Ìkòròdú jẹ́ 900,000 lọ́dún, kí ọkọ̀ dé Victoria Island kó sì padà wálé jẹ́ 4,000 lójúmọ́. Ẹ yọ ọ́ wò: 137,000. Wọ́n ti gbé e ga, owó ọwọ́ rẹ̀ sì ti wálẹ̀, kò sì tíì ra ìrẹsì o.

A ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ejẹ́ńtì. Kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀, yóò san owó ọdún kan, ejẹ́ńtì yóò gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tirẹ̀, lọ́yà tí ẹnikẹ́ni kò rí sójú rí náà yóò gba ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ lórí ìwé àdéhùn tí orúkọ ayálégbé àná ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi 100,000 kún un, èyí tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà lọ́jọ́ tó bá kó jáde. (Ẹni tí wọ́n bá dá tirẹ̀ padà fún rí, kó wá jẹ́rìí.) Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,180,000, owó oṣù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú iṣẹ́ tí kò tíì san kọ́bọ̀. Ó di ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù, àwọn tó jẹ́ pé bí o bá pẹ́ san, wọn a tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àná rẹ.

Òfin kò kúkú dákẹ́. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi: ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Onílé tó ní kí wọ́n san ọdún méjì, àti ọmọkùnrin wa tó fi orí ìkúnlẹ̀ san án, wọn ì bá jọ wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá kan náà ni. Ta ló fẹ́ lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn? Òfin ọ̀hún kò sì kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà rárá. Bí ó bá ní òun yóò gbé ìtòsí ibi iṣẹ́, kó lọ bá onílé ibẹ̀ sọ ọ́ lójúkojú.

Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe oyin yìí ti rí kòkòrò oyin tó ń wọlé tó ń jáde lára àpáta kó tó gbé àáké. Àáké náà, tirẹ̀ ni. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, ó di ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Àwa yá àáké, a yá ọlọ tí a fi ń pọ́n ọn, a tún ń sanwó ọ̀nà dé ìdí àpáta.

Owó ọ̀nà náà kò sì dúró sójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, líítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà nílé epo NNPC l'Ékòó. Lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinúbú ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di 488. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, 998 ni. Kọ̀ńdọ́ gbọ́, ìyá eléwédú gbọ́, ejẹ́ńtì gbọ́. Ẹni tó kọ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ nìkan ni kò gbọ́.

Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990 kò pé kìlómítà méjìlá, àmọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, o lè ka ìwé Sáàmù tán lórí rẹ̀ kí danfo tó dé Adéníjì. Aago mẹ́rin ìdájí ni ọmọkùnrin wa ń jí. Ọjọ́ Sátidé ni yóò wá lọ ya fọ́tò lẹ́bàá afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, kí àwọn ará Agbowó lè mọ̀ pé òun ti dé. A máa ń kí ara wa pé Èkó ò ní bàjẹ́. Kò ní bàjẹ́ lóòótọ́. Àpò ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ o. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Sùúrùlérè tó lè gbà á sílé fún ọdún kan, kó di ẹrù rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun fẹ́ kọ́ kò sí níbòmíì, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o kò ní ẹ̀gbọ́n ní Sùúrùlérè, má tíì fọwọ́ sí ìwé náà. Bi wọ́n bóyá ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ lo lè máa wá. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè yá ọ lówó ilé, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá sí méjèèjì, ní kí wọ́n fowó kún un. Wọn ò ní nà ọ́.