Ibi tí Bàbá Ìbejì Ń Lọ Lọ́jọ́ Sọ́ńdè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, gbogbo Òkè-Àdó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú mi bá rí ni ẹnu mi ń sọ. Bí ojú bá wá ń rí púpọ̀, ṣé ẹ̀bi ẹnu ni? Iwájú ilé wa ni àtẹ ata mi wà. Ẹni tó ń wọlé, iwájú mi ni yóò gbà. Ẹni tó ń jáde, iwájú mi náà ni. Bàbá Onílé tí wọ́n ń gbé ọ̀rá dúdú wọlé lálaalẹ́, tí wọ́n ń fi agbádá bò ó, iwájú mi ni wọ́n ń gbà. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń dá jẹ nínú yàrá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, mà á padà sí i.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì ni mo fẹ́ sọ. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í kọjá kó má kí mi: "Mọ̀mí, ẹ kú ọjà o." Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tó jẹ iyán tán, yóò gbé báàgì dúdú kan kọ́ èjìká, yóò yọ́ kẹ́lẹ́ jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò padà, eruku á ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ dá mi lóhùn: ọkọ ọlọ́kọ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ibo ló ti ń bọ̀?

Ìyá Ìbejì kò lè fara dà á mọ́. Ó wá bá mi nídìí àtẹ, ó ń fi etí ìró nu ojú. "Mọ̀mí, mo rí rìsíìtì nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Táyà mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mọ̀mí, táyà mẹ́rin! Àwa tí a ò ní kẹ̀kẹ́!"

Ìyá Ẹlẹ́kọ tó dẹ etí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Ó ní Bàbá Ìbejì ti ra mọ́tò fún àlè nìyẹn, táyà ló kù. Obìnrin yẹn ti fẹ́ràn òfófó jù, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo fi àtẹ mi sọ́wọ́ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ, ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún oníbàárà ní ṣéńjì. Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ràn Ìyá Ìbejì tó! Mo fi ìborùn bojú, mo tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Ó gba ọ̀nà pápá ilé ìwé kan, èmi náà gbà á. Bí mo ṣe yọjú lẹ́yìn igi máńgòrò, n kò rí obìnrin kankan. Àwọn ọkùnrin ni mo rí, àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n: tíṣà kan, dókítà kan, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́yìn ilé wa. Kálukú wọn di rímóòtù kan mú tó ní ọwọ́ ìbọn, tí táyà kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka ìfábọn ni wọ́n fi ń sáré, táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń yà. Nílẹ̀ níbẹ̀, àwọn mọ́tò kéékèèké ń le ara wọn nínú eruku pupa, wọ́n ń fò lórí ebè, wọ́n ń dojú dé.

Ojú kò tilẹ̀ ti Bàbá Ìbejì. "Mọ̀mí, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ jókòó sórí àpótí." Mo jókòó. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní Dùgbẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ ra mọ́tò onírímóòtù fún àwọn ìbejì, lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú gosiló. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́. Ó tú u, ó sì bá pátákó iná kan ṣoṣo nínú rẹ̀, gbogbo nǹkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí nǹkan kan bá jóná níbẹ̀, ó parí. Kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀yà rẹ̀. Nígbà tó wà láyé pàápàá, bí wọ́n bá ní kó yà díẹ̀, á yà pátápátá. Bí wọ́n bá ní kó rọra lọ, eré àsápajúdé ni.

Ó wá ráhùn sí àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Peckham ní London. Àbúrò fi òmíràn ránṣẹ́, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́tò gidi. Ìyẹn ni pé bí mọ́tò gidi bá gùn tó mítà 4.5, èyí á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Nínú ìyẹn, ohun gbogbo dá dúró láyè ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì iná dá wà. ESC tó ń bu iná fún ẹ́ńjìnnì dá wà. Servo tó ń yí táyà iwájú dá wà. Èyí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rímóòtù náà dá wà. Èyí tó bá bàjẹ́ nìkan ni wọn yóò yọ, wọn yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ìka bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni yóò ṣe sáré tó. Àwọn ìbejì fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, bàbá wọn gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò títí di òní.

Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé ti ọmọdé kọ́ nìyí?" Tíṣà ló dá mi lóhùn. Ẹ mọ tíṣà, bí ẹ bá bi í níbi tí ilé ìgbẹ́ wà, á kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó ní ní 1898, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nikola Tesla gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wá síbi àfihàn ní Madison Square Garden ní New York. Ó fi í sínú adágún tí wọ́n ṣe síbẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó ń fi rédíò darí rẹ̀ láìsí okùn, láìsí wáyà. Àwọn kan nínú àwọn òǹwòran rò pé idán ni. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ohun ìjà ogun ni Tesla fẹ́ kí wọ́n lò ó fún. Tíṣà wá bi mí bóyá ọmọdé ni Tesla. Mo ní èmi ò mọ̀ ọ́n, kò gbé àdúgbò wa.

Tíṣà tún ní ilé iṣẹ́ Tamiya ní ìlú Shizuoka ní Japan ló gbé Porsche 934 onírédíò jáde ní 1976, ẹni tó rà á ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀. Ní 1984 wọ́n gbé Grasshopper jáde, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré yìí lórí rẹ̀ kò níye. Ó lọ títí dé ọ̀rọ̀ Nic Case, ará Amẹ́ríkà kan tí mọ́tò onírímóòtù rẹ̀ sá eré kìlómítà 325 ní wákàtí kan ní 2014. Èmi tí mo mọ bí ìròyìn ṣe ń yára dé ojúlé dé ojúlé, mo ní kò sí ẹnu tó yá tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà náà dá sí i. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ilé ìwé ní òkè òkun, orí 27 MHz ni rímóòtù gbogbo wọn wà, kálukú ló ní kírísítálì tirẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Bí ẹni méjì bá lo àwọ̀ kan náà, mọ́tò tìrẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí ẹlòmíràn lẹ́nu, á kọrí sí ògiri. Ní báyìí, 2.4 GHz ló wọ́pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ so rímóòtù àti mọ́tò pọ̀, lẹ́yìn ìyẹn mọ́tò kò ní dá ẹlòmíràn lóhùn. Ẹ ò rí nǹkan! Mọ́tò mọ olówó rẹ̀, ọkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ kò mọ ilé rẹ̀ bílẹ̀ bá ti ṣú.

Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Rímóòtù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tàn kí wọ́n tó tan mọ́tò. Bí wọ́n bá sì ń lọ sílé, mọ́tò ni wọ́n ń kọ́kọ́ pa, rímóòtù ló ń gbẹ̀yìn. Ìdí ni pé mọ́tò tó jí láìrí ẹni tí yóò darí rẹ̀ lè fò lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì dá a láṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ gba abẹ́ àpótí mi kọjá, ó wọ inú gọ́tà. Ọmọ yìí kan náà ni ọ̀tún àti òsì ń dàrú mọ́ lọ́wọ́. Bí mọ́tò bá ń lọ síwájú rẹ, ọ̀tún rẹ ni ọ̀tún rẹ̀. Bó bá ti kọjú sí ọ tó ń bọ̀, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì rẹ nìyẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tuntun ti ń kọlu igi. Mẹkáníìkì ní kí ọmọ náà máa ronú bí ẹni tó jókòó sínú mọ́tò ọ̀hún. Ọmọ náà ní òun ò gbà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé. Àṣírí tú, Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, ó sì fi òfin kan lélẹ̀: iye tí ọkọ òun bá ná lórí mọ́tò yẹn, kó fi iye kan náà sí àjọ òun. Obìnrin tó gbọ́n! Àjọ rẹ̀ ti ga ju ti gbogbo wa lọ.

Bàbá Onílé ló kù tó ń bínú. Wọ́n gbọ́ pé bátìrì mọ́tò náà lè gbiná, wọ́n ní àwọn ò kọ́lé fún ẹni tí yóò dáná sun ún. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. LiPo ni wọ́n ń pe bátìrì ọ̀hún. Yàrá kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá fóòtù 4.2 bí wọ́n bá ń gba iná sí i, kò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 3 lọ bí wọ́n bá ń lò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nǹkan bíi 3.8 ni wọ́n ń fi í sí. Èyí tó bá wú, tàbí tí òkúta gún, wọn kì í tún gba iná sí i. Bàbá Ìbejì ra ìkòkò amọ̀ ńlá, ó gbé e síta lórí búlọ́ọ̀kù. Inú ìkòkò ni bátìrì ń wà bó bá ń gba iná, kò sì sóhun tó ń gbé e kúrò nítòsí rẹ̀ títí yóò fi kún. Bí NEPA bá mú iná lọ, ṣájà rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fa iná lára bátìrì mọ́tò gidi, fóòtù 12, nítorí náà kò ní í fi ariwo jẹnẹrétọ̀ dí wa lọ́wọ́ oorun. Bàbá Onílé yẹ gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n mi orí, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ rántí ọ̀rá dúdú? Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, tí kò lè pa ẹnu mọ́, ló sọ fún mi. Kì í ṣe ẹran ìgbẹ́. Ẹ̀yà mọ́tò ni Bàbá Onílé ń kó wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni ọdún 70! Wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọdé, agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò làwọn fi ń ṣe mọ́tò, okùn làwọn fi ń fà á, àwọn ò sì ní kú láì wa èyí tí kò lókùn.

Ohun tí mo rí nínú eré yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́. Wíwà á kò gba àkókò. Bátìrì kan kì í pẹ́ tán. Àtúnṣe ló ń jẹ ìyókù ọjọ́. Òkúta á ṣẹ́ apá tó di táyà iwájú mú. Eruku ọyẹ́ á wọ bọ́ọ̀lù bẹ́ríǹ. Síkúrù á tú nítorí ìgbọ̀nrìrì. Ẹ wo àwọn tó wà ní pápá náà, ẹni tó gbádùn rẹ̀ jù ni mẹkáníìkì, nítorí inú rẹ̀ ń dùn bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kó máa tú, kó máa tò, owó rẹ̀ yóò kàn sùn sínú páálí ni.

Nítorí náà, ìwọ tó ń gbọ́ mi, bí ọkàn rẹ bá ń fà sí i, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó yára jù. Mú èyí tó ń lo bátìrì, má tíì mú èyí tó ń mu epo, nítorí ìyẹn gba ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ́ńjìnnì. Bí o bá ní ará ní òkè òkun tó fẹ́ bá ọ gbé bátìrì bọ̀, kó gbé e sínú báàgì ọwọ́. Wọn kì í gba bátìrì báyìí sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Kí o sì tó béèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò, kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta apá iwájú rẹ̀, gíà rẹ̀ àti táyà rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Bí ẹni tó ń tà á kò bá rí èsì fún ọ, dá owó rẹ padà sápò.