Katakata Bàbá Gbé Àlè Sẹ́sẹ̀ Ọ̀tún!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ súnmọ́ bí! Èmi kì í ṣe olófòófó, gbogbo àdúgbò Pópó Yemọja ló mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí n bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun ni.

Bàbá kan ń bẹ ládùúgbò wa. N kò ní dárúkọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bàbá ní katakata Massey Ferguson kan tí wọ́n rà láyé ètò ọ̀gbìn ìjọba tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation, ní nǹkan bí 1976. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn, àgbà ẹ̀rọ tó ṣì ń túlẹ̀ ni. Taya ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ló jẹ tán, Bàbá sì lọ ra òmíràn. Ó dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun rí àwọ́ọ̀fù.

Àwọ́ọ̀fù kẹ̀! Ẹsẹ̀ òsì, 16.9-30. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, 18.4-30! Ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Torí pé ríìmù onínṣì 30 gba àwọn méjèèjì, ẹni tó tà á ní wọ́n bára mu. Ìbáramu wo? Ọ̀kan fi ohun tó lé ní ínṣì méjì ga ju èkejì lọ! Ńṣe ni katakata tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó ń tilé ẹmu bọ̀. Jíà inú ìdí rẹ̀ kò ní ìsinmi mọ́. Òun ni yóò máa bá ẹsẹ̀ gígùn àti ẹsẹ̀ kúkúrú làjà títí yóò fi jẹra tán. Ta ló ń wọ bàtà ọkọ sẹ́sẹ̀ kan, bàtà ìyàwó sẹ́sẹ̀ kejì, tó sì ń yan lọ sóde?

Wọ́n bi Bàbá, ó ní 14-30 ló wà lára ti tẹ́lẹ̀, pé wọn kò ṣe é mọ́. Ẹ gbà mí! 14-30 kò kú, orúkọ ló yí padà. Òun náà ni 16.9-30 òde òní, bí 15-30 ṣe di 18.4-30. Ìyẹn ni pé ti òsì yẹn gan-an ni ìyàwó ilé. Ti ọ̀tún, àlè ni!

Àlè ọ̀hún wá ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ taya ni wọ́n ń tẹ ọjọ́ orí rẹ̀ sí: bí ẹ bá rí 2309, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 nìyẹn. Nọ́ńbà mẹ́rin ni mò ń wá. Mẹ́ta ni mo bá. Mẹ́ta péré! Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ̀ kí ọdún 2000 tó wọlé. Arúgbó tó ti wà láyé kí ọ̀rúndún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pè ní ọmọge!

Eyín rẹ̀ sì ń dán, ó dúdú kirikiri. Mo fọwọ́ kàn án: ọ̀dà! Abẹ́ ọ̀dà ńkọ́? Ojú ọ̀bẹ. Wọ́n fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ eyín fún arúgbó tó ti pá, wọ́n kùn ún, wọ́n gbé e fọ́kọ. Níbi tí ọ̀bẹ ti wọlé jù, okùn inú taya ti yọ síta, ìhòòhò gbalaja! Ojú tì mí. Mo sì tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹnì kan tó mọ̀ sọ ọ́ sí mi létí bí irú wọn ṣe ń wọ̀lú. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ taya Michelin ti kógbá wọlé ní Pọ́tá Kọ́ọ̀tù ní 2007, tí Dunlop Ìkẹjà sì tẹ̀ lé e, òkè òkun la gbójú lé. Àwọn oníṣòwò tòkunbọ̀ kan a máa ki taya bọ inú taya, mẹ́ta, mẹ́rin, kí kọ̀nténà lè gbà á. Bí wọ́n bá fà á yọ, wáyà etí rẹ̀ ti wọ́. Ojú kò ní rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ẹ ni àṣírí ń tú.

Ó sì tú! Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá rọ omi sí taya ẹ̀yìn kí katakata lè wúwo lóko. Ìyẹn kò burú, àgbẹ̀ a máa ṣe é: ẹ gbé fáàfù sókè, bí omi bá dé ibẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nìyẹn, ó tó. Katakata dé ìtòsí ilé òrìṣà. Gbòà! Omi pupa, omi ìpẹtà, ya bo títì. Ládùúgbò Yemọja, olómi tútù! Àwọn ìyá ká ìró sókè, wọ́n ń sá. Ìyá Alákàrà ní, "Ṣé Bàbá yìí kò lọ́mọ tó lè bá a ka nọ́ńbà ni?"

Ẹ̀yin ọlọ́katakata, ẹ máa ra taya ẹ̀yìn ní ìbejì, ẹ máa ka ọjọ́ orí wọn, ẹ sì máa fọwọ́ pa eyín wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ọwọ́ yín bá dúdú, ẹ gbé owó yín padà sílé.