Áńpù Bàbá Onígìtá
Bí áńpù onífáàfù àtijọ́ bá ń kùn l'Abẹ́òkúta, ẹ má tíì pe oníṣẹ́: jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì lè wà nídìí ẹ̀. Ẹ dúró de iná NEPA (ìyẹn gan-an niṣẹ́), ẹ yọ wáyà gìtá, ẹ yí ohùn wálẹ̀ pátápátá. Tó bá ṣì ń kùn, àfàìmọ̀ kí kapásítọ̀ má ti gbó. Bàbá onígìtá jùjú kan ní Ìtòkú ò gbà: "Láti ayé Gowon ló ti ń kùn, ọmọ mi!" Ó dáa, Bàbá. Àmọ́ ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ o. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ yọ ọ́ lára iná, ó ṣì lè di 400 fóòtì mọ́ra. Ní gbogbo Ẹ̀gbá, òun nìkan ló máa ń níná lẹ́yìn tí NEPA bá ti mú un lọ.