A-wà-lórí-bí-adé: Oríkì Hẹ́ẹ̀dìfóònù Olówó Gọbọi

Kábíyèsí o! Kádé ó pẹ́ lórí, kí bátìrì ó pẹ́ níkùn.

Èmi ará Muṣin, tí mo ń gbé nítòsí Ìdí-Òro, tí mo ti ń fi íápíìsì oníwáyà gbọ́ rédíò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èmi ni mo wá kì ọ́ lónìí. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó fún mi lówó. Sátidé kan, nígbà tí Iléyá ọdún tó kọjá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ wọlé. Àjọ ọdún kan gbáko ló kó. Ó bó ọ̀rá ara páálí rẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bó ẹyin fún àlejò. Gbogbo àgbàlá pa lọ́lọ́. Mo bèèrè iye tó rà ọ́. Ó dá mi lóhùn. Mo jókòó.

A-wà-lórí-bí-adé, a kì í fi ọ́ jọba.
A-bo-etí-bí-ìdérí-ìkòkò, a kì í fi ọ́ se ọbẹ̀.
Elétí méjì bí ehoro, tí kì í gbọ́ tẹnìkan.
Àgbà tí ń gbénú àpótí, tí àpótí ń gbénú báàgì,
Tí báàgì ń gbé àyà olówó rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Bí a bá ń kì èèyàn, a máa ń kì í délé baba rẹ̀ ni. Ìdí ààrò ni ilé baba tìrẹ, Kábíyèsí, má bínú. Nathaniel Baldwin, ará Utah ní Amẹ́ríkà, ló jókòó nínú kíṣìnì ilé rẹ̀ ní 1910, tó ń ti ibẹ̀ so wáyà mọ́ irin, tó sì tà ọ́ fún àwọn ológun ojú omi. Iṣẹ́ lò ń ṣe nígbà náà. Ohùn tín-ín-rín tó ń bọ̀ láti ojú òkun lò ń gbà sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbé ọ sọ́rùn ya fọ́tò. Ní 1937 ilé-iṣẹ́ Beyer ní Jámánì bí DT 48. Ní 1958 John Koss ti ìlú Milwaukee pín orin sí ọ̀tún àti òsì fún ọ. Ní 1979 Sony gbé Walkman jáde, o mọ̀ ọ́n rìn, o bọ́ sí títì. Títí débẹ̀, ọmọlúàbí ni ọ́. Àfìgbà tí Dr. Dre olórin àti Jimmy Iovine dá ilé-iṣẹ́ Beats sílẹ̀ ní 2006 lo kúrò ní ohun tí à ń gbọ́, tí o di ohun tí à ń wò. Nígbà tó máa di 2014, Apple ti ka bílíọ̀nù 3 dọ́là sílẹ̀, ó gbé wọn lọ sílé.

Ọmọ a-bí-sídìí-ààrò-joyè-ní-báńkì.
Ọmọ ológun tó wá di ọmọ ọlọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, nítorí owó ni ojú oríkì rẹ. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni mọ̀lẹ́bí rẹ tí wọ́n ń pè ní AirPods Max dé ayé, 549 dọ́là sì ni owó orí rẹ̀. Owó orí ni lóòótọ́, orí kúkú la ó gbé e lé. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, 823,500 náírà nìyẹn. Ìjọba fi owó oṣù tó kéré jù sí 70,000 náírà ní 2024. Ẹni tó bá ń gbà á yóò ṣiṣẹ́ oṣù méjìlá ó ku díẹ̀ kó tó lè gbé mọ̀lẹ́bí rẹ yìí nìkan lérí, tí kò bá jẹun, tí kò bá wọ dánfó, tí láńlọ́ọ̀dù rẹ̀ bá sì lọ sí Mẹ́kà tí kò tètè dé. Ìwọ̀n AirPods Max náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 385 gíráàmù, kí ọrùn ó gbọ́rọ̀. Kò sì ní bọ́tìnnì tí a fi ń pa á. Ọba kì í sùn.

Ìyẹn gan-an ọmọ ìta ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ HE 1 ti Sennheiser, tí wọ́n fi han ayé ní 2015. Òkúta mábù láti Carrara ní ilẹ̀ Ítálì ni ìjókòó rẹ̀. Tí a bá tàn án, àwọn gíláàsì kan á yọrí wúyẹ́ láti inú òkúta náà bí eégún tó ń jáde nílẹ̀. Ó lé ní 50,000 dọ́là. Bí mo ti ṣírò rẹ̀ débi 75 mílíọ̀nù náírà ni mo gbé kálámù sílẹ̀. Owó ilé nìyẹn: bí èèyàn bá ń gbọ́ orin, ilé ló wà létí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jeroen Breebaart. Ó kó dátà ẹ̀yin 283 jọ, àti èyí tó ń wọ ihò etí àti èyí tó ń bo etí, ó wọn bí ohùn ṣe ń jáde lára yín, ó sì gbé iye owó yín síwájú ara rẹ̀. Ní 2017 ló tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí àwọn onímọ̀ ìró ní Amẹ́ríkà: owó ò bá ohùn tan. Èyí tó wọ́n lè dún bí agolo, èyí tó pọ́ọ́kú lè dún bí agogo. Ẹ sì wo Sony MDR-7506, tó ti wà lọ́jà láti 1991, tí owó rẹ̀ kò jìnnà sí 100 dọ́là. Òun ló wà létí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò káàkiri ayé. Alásè ń fi abọ́ páànù tọ́ ọbẹ̀ wò, oníbàárà ní àwo wúrà lòun á fi jẹ ẹ́.

Ọba tí a wọ̀n, tí ìwọ̀n ò mọ̀ ọ́n.
A-wọ́n-bí-omi-ojú, a-dún-bí-ẹlẹgbẹ́-ẹ.

Bí mo bá wá fẹ́ rí ojúlówó rẹ, ibo ni mo ti máa mọ̀ ọ́n? Ní Yábàá, lẹ́bàá ọjà Tẹ́júoṣó, ọmọkùnrin kan to yín sórí tábìlì bí ẹja gbígbẹ. "Ọ̀gá mi, orígínà nìyí, ẹ gbé e sétí, ẹ gbọ́ báàsì ẹ̀!" 45,000 náírà ló pè é. Mo ní 8,000. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má ba òun lọ́jà jẹ́, òun ò tíì jáwọ́. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta. "Dádì, ẹ mú 12,000 wá!" Ìdílé ọba wo ló ń ti 45,000 já sí 12,000 láàárín ẹsẹ̀ mẹ́ta? Síbẹ̀ àmì ara rẹ ló wà lára rẹ̀, páálí rẹ ló wà nínú rẹ̀, ìwé pélébé tí ẹnikẹ́ni ò ní kà náà wà nísàlẹ̀ páálí bíi tìrẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má fi àìmọ̀ mi ṣẹ̀sín. Ní 2015, ẹnì kan tó gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà tú Beats kan palẹ̀, ó ka ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní irin wà níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì ju kó mú un wúwo lọ́wọ́ lọ. Ìròyìn náà kárí ayé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wá rí i pé ayédèrú ló tú. Ó fọ̀bẹ la ikùn ọba, kò mọ̀ pé ẹrú ló ń là.

Mo wá ṣe ìdánwò tèmi nínú àgbàlá wa. Mo fi gèlè ìyàwó mi di láńlọ́ọ̀dù lójú, bàbá tó ti ń tẹ̀lé Àyìndé Barrister lọ sóde àríyá láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Mo gbé ọ sí i létí, mo gbé ti Yábàá sí i, mo fi íápíìsì 1,500 náírà parí rẹ̀. Orin kan náà ni mo lù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá mi orí, ó nawọ́ sí ti Yábàá: "Èyí ni báàsì ẹ̀ ń lu igbá àyà." Mo tú gèlè. Mo sọ iye owó rẹ fún un. Ó ní kí n gbé ọ wá padà, ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó di ojú fúnra rẹ̀. "Hùn ún," ó ní, "tí èèyàn bá fara balẹ̀, èyí mọ́ létí jù ú lọ."

Ká sòótọ́, orin náà kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Orí WhatsApp ni mo ti rí i. Wọ́n ti fún un pọ̀ kí dátà má baà tán, Bluetooth tún fún un lẹ́ẹ̀kejì kó tó dọ́dọ̀ rẹ. Ẹ̀bà tó ti rọ̀, àwo tó dáa kò lè mú un le.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ ọ, Kábíyèsí. Ohun kan wà tí o mọ̀ ọ́n ṣe. Amar Bose, olùkọ́ ní yunifásítì MIT, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ láti Zurich ní 1978, ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó gbádùn orin tí wọ́n fi sí i létí. Kí wọ́n tó balẹ̀ ló ti ń ṣe ìṣirò bí wọn yóò ṣe pa ariwo náà. Ó di 1989 kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù tó ń pa ariwo jáde fún àwọn awakọ̀ òfuurufú. Makirofóònù kékeré á gbọ́ ariwo, ẹ̀rọ inú rẹ á ṣe òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn méjèèjì á pàdé lẹ́nu ọ̀nà etí, wọ́n á pa ara wọn.

Àwa ò ní ọkọ̀ òfuurufú ní Muṣin, ṣùgbọ́n a ní jẹnẹrétọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ń dún nínú àgbàlá kan ṣoṣo, àwọn kékeré tí à ń pè ní I Better Pass My Neighbour, èéfín wọn ń wọlé, ìdí ìkòkò ń gbọ̀n. Mo gba ọ́ lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé ọ lé tèmi, mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ èémí ara mi. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀.

Ariwo tó bá ń hun lọ láìdúró lo lè pa. Èyí tó bá ń já lójijì, hóònù, igbe àgbérò, yóò fò ọ́ kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo láti kíṣìnì pé kí ọmọ náà wá sọ ẹ̀wà kalẹ̀, ó ń jóná. Ọmọ gbọ́ kedere. Ó na ìka sí ọ lórí, ó ṣe bí ẹni pé òun kò sí láyé. Ẹ̀wà jóná.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, o dákú. NEPA ò tíì dé. Kí la fẹ́ ṣe? A ra pẹtiróòlù, a fa okùn jẹnẹrétọ̀, a so ọ́ mọ́ iná, kí o lè rí agbára tí wàá fi pa ariwo jẹnẹrétọ̀.

A-mu-pẹtiróòlù-kó-tó-dákẹ́.
Adákẹ́jẹ́ẹ́ tí ń fi ariwo ṣe oúnjẹ.
A-pa-jẹnẹrétọ̀-má-pa-àgbérò.

Ooru oṣù Kẹta ló tú ọ láṣọ. Tìmùtìmù tó ń bo etí mu òógùn títí ó yó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó wẹ́wẹ́ bí ara ọmọdé nígbà ọyẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀ kan pẹ̀lú jàlàbíà funfun, èérún dúdú kún ọrùn àti èjìká rẹ̀. Alàgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní sáàfù rò pé èèrà ni, ó ń gbá a dànù. Ọkùnrin kan ní Lawanson tó ń tún fóònù ṣe ló fi tìmùtìmù tuntun sí i, 4,000 náírà. Láti ọjọ́ náà, Kábíyèsí, aṣọ àyáwọ̀ lo fi ń jọba.

Ajé tó kọjá ni a jọ jáde, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. O wà lórí rẹ̀ láti ilé, ó gbé ọrùn dúró ṣinṣin, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wò ó. Bí a ṣe ń sún mọ́ abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, níbi tí wọ́n ti ń já nǹkan gbà lórí èèyàn, ó bọ́ ọ. Ó ká ọ, ó wé ọ sínú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó kó ọ sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ra gààrí, ó ki ọ̀rá bọ báàgì, ó sì gbé báàgì sáyà. Ó wá tọwọ́ bọ àpò, ó yọ íápíìsì oníwáyà 1,500 náírà tó rà nínú gosílóò, ó fi ọ̀kan sétí, ó jẹ́ kí èkejì máa fì, kó lè gbọ́ kọ́ńdọ̀ tó bá fẹ́ gbàgbé ṣéńjì rẹ̀.

A wọ dánfó. Wizkid ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ létí rẹ̀ kan, kọ́ńdọ̀ ń pe Yábàá sí èkejì. Mo wo báàgì tó wà lórí itan rẹ̀. Mo tẹ orí ba díẹ̀, mo ní:

"Kábíyèsí, ẹ kú ìjókòó."