Olè Mú Olóko ní Krofrom

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Oko iṣu àti oko àgbàdo ni àwọn àgbà tó pa òwe yìí ní lọ́kàn. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí olè yóò wọnú kọ̀ǹpútà, tí yóò lúgọ sáàárín máìkì àti etí olórin, tí yóò gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò fi falẹ̀ díẹ̀, tí yóò wá dá a padà pẹ̀lú ẹ̀sùn lọ́rùn: "Ìwọ yìí, o ò mọ ìlù tẹ̀lé."

Krofrom ni ẹjọ́ tí mò ń rò yìí wà, ní Kùmásì, orílẹ̀-èdè Gánà. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ṣòwò ní Kùmásì títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Orin sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ìlú yìí ni A.K. Badu ti ń tẹ àwo Ambassador nígbà tí háíláìfù ń jọba. Ní 2020, àwọn ọmọ asakaa, Yaw Tog, O'Kenneth, Reggie, Jay Bahd àti ẹgbẹ́ wọn, fi èdè Twi kọ orin drill. "Sore" tí Yaw Tog kọ gbòde débi pé Stormzy ará Lọ́ńdọ̀nù dá sí àtúnkọ rẹ̀ ní 2021. Láti ìgbà náà, yàrá tó bá ti ní kọ̀ǹpútà kan àti mátírẹ́ẹ̀sì tó ṣeé gbé ti ògiri, sítúdíò ni.

Ẹ jẹ́ ká wọ ọ̀kan, ká má dárúkọ onílé. Páálí ẹyin kún ara ògiri. Wọ́n ti pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú orin, òógùn ń ro tótó. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló wà lórí tábìlì, FL Studio, ètò tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, ojú ewé ìtẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí Kotoko, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kùmásì, ń gbá lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó fẹ́ kọrin gbé hẹ́dífóònù aláìlókùn sórí. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kìíní kò tíì dé etí rẹ̀ tó fi bọ́ sí èkejì. Ó dúró de ohùn ara rẹ̀, ìlù sì ti lọ.

"Àbúrò, o tún pẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, orí ìlù gan-an ni mo wà. Ohùn mi ló ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn."

"Kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Tún un kọ."

Wọ́n tún un kọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, olóko fúnra rẹ̀ gbà pé òun ni olè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ní 1950, Bernard Lee ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn díẹ̀: ẹni tí ahọ́n rẹ̀ já gaara á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ìpẹ́ tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń dà á láàmú jù, mìlísẹ́kọ́ǹdù 200 nìyẹn. Hẹ́dífóònù aláìlókùn lè pẹ́ ju 150 lọ. Bí orin bá ń sáré ní ìlù 140 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí àwọn ọlọ́dírìlì ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ìlù kan kò ju 107 lọ. Ẹ ò rí i pé ọmọ yìí ti fò kọjá ibi tó yẹ kó wọlé kó tó gbọ́ ara rẹ̀?

Latency ni àwọn ọmọ sítúdíò ń pe ìpẹ́ yìí, yàtọ̀ sí hẹ́dífóònù aláìlókùn, ibi tó ń fara pamọ́ sí jù ni buffer. Kọ̀ǹpútà máa ń gé ohùn wẹ́wẹ́, ègé 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì í gbé wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bíi trotro, ọkọ̀ èrò ibùdókọ̀ Kejetia ní Kùmásì, ni buffer rí, kò ní gbéra àfi bó bá kún. Bí ìjókòó rẹ̀ bá jẹ́ 512, ó di mìlísẹ́kọ́ǹdù 11.6 kó tó kúrò ní ibùdókọ̀. Bó bá jẹ́ 1,024, ó di 23. Ohùn tó wọlé sì gbọ́dọ̀ tún jáde padà sí etí, ìyẹn ọkọ̀ mìíràn tó gbọ́dọ̀ kún, bí 23 ṣe ń di 46 nìyẹn. Bí a bá dín ìjókòó kù sí 128, lílọ àti àbọ̀ ò ju nǹkan bí 6 lọ, sound card, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé e jáde, á kàn bu díẹ̀ lé e.

Dídín buffer kù kò ná ẹnikẹ́ni ní sídì kan. Inú ètò kọ̀ǹpútà ló wà, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀fẹ́ kì í wu ọ̀gá sítúdíò. Máìkì tuntun ló lọ rà, bíi pé máìkì ló ń fi ohùn falẹ̀. Kò ṣiṣẹ́, ó ra wáyà olówó gọbọi. Òun náà ò ṣiṣẹ́, ó kó limiter, tí kì í jẹ́ kí ohùn ga jù, àti ẹ̀rọ ìdán-ohùn jọ sórí orin tí wọn ò tíì kọ tán, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti kọ́kọ́ wo ohùn tó ń bọ̀ níwájú kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, ìwò-iwájú náà sì jẹ́ ìpẹ́ mìíràn. Ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń sè kí ẹja tó jáde lódò.

Láti 1997 ni Steinberg ará Jámánì ti gbé ASIO jáde, ọ̀nà tí ohùn ń gbà yẹra fún ọjà Windows tó kún fọ́fọ́. ASIO4ALL wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà tí sound card rẹ̀ kò ní ASIO tirẹ̀. FL Studio náà gbé tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní sound card tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, bọ́tìnì direct monitor máa ń wà lára ọ̀pọ̀ wọn: ohùn á gba ibẹ̀ lọ sí etí láìwọ kọ̀ǹpútà rárá. Pa Wi-Fi, ti ojú ewé ìtẹ́tẹ́ kí wọ́n má baà dí ohùn lọ́nà, Kotoko á gbá a láìsí ìwọ.

Òmùgọ̀ kejì wà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú fo òun dá. Òun gbọ́ pé kéré ló dára, ó fa buffer wálẹ̀ sí 32, orin ń já, ó ń dún tá-tá-tá, ó ní òun fẹ́ òdo. Ta ló rí òdo rí? Mítà kan nínú afẹ́fẹ́ ń gba ohùn ní mìlísẹ́kọ́ǹdù 3. Bí oníyàáàlù àti onígúdúgúdú bá jìnnà síra ní mítà márùn-ún lágbàlá, 15 ló wà láàárín wọn, ìyàwó ṣì ń jó, wọ́n ṣì ń náwó fún un. Kò sí àyàn tó dá ijó dúró nítorí ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá sítúdíò Krofrom, Mushin àti Peckham, ẹ so hẹ́dífóònù olókùn mọ́ ọn, ẹ gbé buffer sí 128, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọrin. Bó bá tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé òun náà ni.