Onísípésà

Onísípésà ni ọkùnrin tí kò fara mọ́ ibi tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ rẹ̀ fi táyà sí. Lójú tirẹ̀, táyà tó wà lábẹ́ fẹ́ńdà ń sá pamọ́ ni, owó tó sì ná sórí ríìmù tó ń sá pamọ́ ti wọgbó. Ó fẹ́ kí táyà yọ síta, kí ẹni tó wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù rí i, kí ẹni tó wà nínú dánfó náà rí i. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́lá: Corolla ọdún 2003 sí 2008 ni, tàbí Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, tàbí Honda Accord tí wọ́n sọ ní End of Discussion. Ìkòròdú kún fún un, Ẹ̀gbẹ́dá kún fún un, Challenge ní Ìbàdàn kò sì gbẹ́yìn. Lọ́jọ́ Sátidé, iwájú gbọ̀ngàn àríyá ni kí ẹni tó ń wá a gbà lọ. Òun ni yóò páàkì tán, tí yóò tún yí sítíárìn kí táyà iwájú lè kọjú sí àwọn tó ń wọlé.

Sípésà fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù roboto ni, tó ní ihò láàárín àti ihò bóòtù yíká; àárín họ́ọ̀bù àti ríìmù ni wọ́n ń fi sí kí táyà lè sún síta. Ó ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe. Ríìmù tòkunbọ̀ tó dára ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ń ha bíréèkì, sípésà mìlímítà 5 lè yọ olówó rẹ̀ nínú wàhálà. Ẹni tó fi bíréèkì ńlá rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ náà lè nílò rẹ̀. Àmọ́ irú àwọn wọ̀nyẹn kò sí nínú ẹ̀yà yìí, nítorí wọ́n máa ń wọn àyè kí wọ́n tó fowó sílẹ̀. Ẹni tó bá ti mú rúlà dání ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ojú ni onísípésà fi ń wọn tirẹ̀. Ó ti rí ọkọ̀ kan níbi ìgbéyàwó, tàbí nínú fídíò orí fóònù, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ará Èkó, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Ládípọ̀ ní Mushin ló ń forí lé. Bó bá jẹ́ ará Ìbàdàn, Ararọ̀mí ní Gate. Bó bá dé ọ̀hún, ìbéèrè rẹ̀ kì í ju ẹyọ kan lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ló yọ jù nínú wọn?"

"Ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ fi sí, ọ̀gá mi?"

"Big Daddy ni. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn gbé kékeré fún mi o."

Ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbìyànjú díẹ̀. Yóò ní kí wọ́n tú táyà kan kí àwọn fi wò ó. Onísípésà á ní òun ò ráyè. Ọlọ́jà á sì ta ohun tí wọ́n ní kó tà, torí owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró de oníbàárà tó gbọ́n.

Ohun tó yẹ kí wọ́n bára wọn sọ kò pọ̀. Ti ihò bóòtù ló kọ́kọ́ wà. Corolla ọdún 2003 sí 2008 ní bóòtù 5 tó tò yíká òbìrí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100. Ti Big Daddy jẹ́ 114.3. Èyí kò le láti mọ̀, torí pé èyí tí kò bá bá a mu kò ní wọlé rárá. Ihò àárín ni ọ̀ràn wà. Bóòtù 5 lórí 114.3 ni End of Discussion náà ní, nítorí náà sípésà rẹ̀ yóò wọ Big Daddy láìjanpata. Ṣùgbọ́n ihò àárín ti Honda jẹ́ 64.1, họ́ọ̀bù Big Daddy sì jẹ́ 60.1. Àlàfo mìlímítà 2 ṣẹ́ kù yíká. Sípésà kò rí họ́ọ̀bù gbára lé mọ́, bóòtù nìkan ló ń fà á mọ́ra, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bó bá ti ń sáré. Mìlímítà 2 kì í ṣe ohun tí ojú ń rí láti orí bẹ́ǹṣì ìsọ̀. Onísípésà ti gbọ́ "márùn-ún lórí 114" lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì ti tó o láti máa fi kọ́ ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìnípọn. Wọ́n máa ń kọ ET àti nọ́ńbà kan sára ríìmù. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ojú tí ríìmù fi kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí ìlà àárín rẹ̀. Sípésà 25 yóò sọ ET 45 di 20: táyà ọ̀tún sún síta ní mìlímítà 25, ti òsì náà sún bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ sì fi 50 fẹ̀ sí i. Kí wọ́n tó ra 25, kí wọ́n so òkúta mọ́ okùn, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ láti etí fẹ́ńdà, kí wọ́n sì wọn àyè tó wà láàárín okùn àti táyà. Okùn kò wọ́n, òkúta kò wọ́n. Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe sípésà, alumíníọ̀mù líle irú 6061-T6 tàbí 7075-T6 ló ṣe é gbọ́kàn lé. Èyí tí wọ́n kàn yọ́ dà lọ́nà ẹ̀bùrú lè là lójijì. Onísípésà mú èyí tó pupa.

Oríṣi sípésà méjì ló wà. Ti tín-ín-rín ń gba orí bóòtù ọkọ̀ wọlé, ó sì ń jẹ nínú gígùn bóòtù náà. Bóòtù àwọn Toyota àti Honda wọ̀nyí nípọn ní mìlímítà 12, ìrìn eyín rẹ̀ sì jẹ́ 1.5. Ìlànà ni pé kí nọ́ọ̀tì gbá bóòtù mú ní gígùn tó tó ìnípọn bóòtù, ìyẹn ni pé kó yí tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ ó kéré tán kó tó le. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, bóòtù tó gùn ni kí wọ́n rà, kì í ṣe ààwẹ̀. Èyí tó nípọn, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 20 lọ sókè, ní bóòtù tirẹ̀: nọ́ọ̀tì kan so ó mọ́ họ́ọ̀bù, òmíràn so ríìmù mọ́ ọn. Lílé méjì lórí ara wọn kò sí nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́. Onísípésà tí 15 kò bá yọ tó lójú rẹ̀ ló ń lé 10 lé e.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni fífi í sí, ṣùgbọ́n fọ́kánáísà ìdí ọ̀nà ni onísípésà ń gbé e lọ, torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, èrò sì ń kọjá níbẹ̀. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀, wọ́n tú táyà. Ó yẹ kí wọ́n fi búrọ́ṣì onírin ha ojú họ́ọ̀bù títí ìpẹtà yóò fi tán, torí pé ìpẹtà tó bá ṣẹ́ kù kò ní jẹ́ kí sípésà jókòó dáadáa. Bí ìpẹtà náà bá rún tán, nọ́ọ̀tì á dẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kàn fẹnu fẹ́ ojú họ́ọ̀bù ni. Ó fi gírísì pa bóòtù kó lè rọrùn tú lọ́jọ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ gírísì ló ń mú kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì kọjá ààlà láìmọ̀. Nọ́ọ̀tì kìíní yí lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó dúró. Ọmọ iṣẹ́ gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wo onísípésà. Onísípésà ń ya fọ́tò.

Ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, kí wọ́n wá máa fún wọn le ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní títò tẹ̀lé ara wọn. Agbára tí Toyota kọ fún Corolla àti Camry jẹ́ Newton-mítà 103, sípánà kan sì wà tó ń ka agbára yìí. Ìdí ọ̀nà kò mọ̀ ọ́n. Páìpù gígùn ni wọ́n kì bọ orí sípánà táyà, ọmọ iṣẹ́ sì gorí rẹ̀, ó ń fò. Ní ti Honda, nọ́ọ̀tì tó bá a wá rí rogodo lójú tó fi ń jókòó, bẹ́ẹ̀ ojú ṣóńṣó ni ọ̀pọ̀ sípésà ọjà ń fẹ́. Wọ́n á lo èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kó ènìyàn kún ọkọ̀, kí wọ́n yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n gbọ́ bóyá táyà ń kan nǹkan. Onísípésà nìkan ló wà nínú ọkọ̀ nígbà tó dán an wò, orí ìdúró ló sì ti dán an wò. Ọjọ́ tó gbé ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ mẹ́ta lọ sóde ni táyà ẹ̀yìn kọ́kọ́ bu fẹ́ńdà jẹ, nínú kòtò kan ṣáá.

"Kí ló ń ha yẹn, ọkọ mi?"

"Ọ̀nà ni, mà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Nàìjíríà."

Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, yóò ṣe báláǹsì, yóò ṣe aláìmẹ́ǹtì, yóò pààrọ̀ táyà, yóò fura sí epo tó rà, yóò sì kan àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Gbogbo nǹkan ni yóò yẹ̀ wò àfi ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà. Títún nọ́ọ̀tì fún lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 80 sí 160 jẹ́ dandan. Èkó sí Ìbàdàn nìkan ti tó. Fún èyí tó nípọn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú táyà kí wọ́n tó rí nọ́ọ̀tì inú. Onísípésà kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi tú ohun tó ti yọ dáadáa. Béárìn, tí ẹrù ti sún jìnnà sí, máa ń kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Sítíárìn ń fà tọ ipa táyà lójú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ ń ta dé ilẹ̀kùn. Bí ọlọ́pàá ojú pópó bá dá a dúró, sípésà náà bá ọkọ̀ dé láti Kútọnu ni, sà.

Ọjọ́ tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà ló ń tú u. Ó yẹ kí ẹni tó tú sípésà yẹ eyín bóòtù kọ̀ọ̀kan wò, kó pààrọ̀ èyí tó bá ti fà tàbí tó ti jẹ, kó sì dá nọ́ọ̀tì tó bá ọkọ̀ wá padà. Nọ́ọ̀tì 20 ni ọkọ̀ náà ń lò. Èyí tí onísípésà bá kó jáde nínú búùtù sábà máa ń jẹ́ 17, oríṣi mẹ́ta.