Ẹja Tútù Ẹlẹ́yẹlé

Ẹni tí kì í yá mọ́ọ̀yàn, tí ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu rẹ̀, “cold fish” ni Òyìnbó ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èdè yẹn dé etí adágún Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà lọ́dún 1942. Ẹja tútù tó ṣì ń jà nínú báàfù ni ìyá ẹlẹ́ja ń polówó, ẹnu òun alára sì gbóná ju ata lọ. Ẹ ní kó gba ìdajì owó, á wo bàtà yín títí: “Bùọ̀dá mi, ṣé ara yín yá báyìí?” Kẹ́ ẹ tó fèsì, ó ti ń họ ìpẹ́ ẹpìyà. Ọmọ tó bá tibẹ̀ lọ jókòó ṣe ìdánwò JAMB, tó mú “ọlọ́yàyà” nínú ìdáhùn mẹ́rin sí ìtumọ̀ “cold fish”, ta ló fẹ́ bá a wí?